Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn: Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti Iṣẹ́ Kan tí Ó Lépa fún Ogójì Ọdún

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń bi àwọn ọmọ tí ó fẹ́ jáde léèrè ohun tí olúkúlùkù wọn fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Ìdáhùn kì í pẹ́: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ó rọrùn láti dárúkọ ibi tí ènìyàn ń lọ. Rírin ọ̀nà náà nígbà tí oòrùn bá mú, tí kò sì sí ẹni tí ń wòran, ni iṣẹ́. Nítorí náà, ní àjọ̀dún yìí, a fẹ́ mú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí padà sọ́dọ̀ ẹnì kan tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ sì ti rí àwòrán rẹ̀ rí, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Àwòrán yẹn ti mú kí púpọ̀ nínú wa gbàgbé pé òun náà ti ṣe ọmọdé rí, àti pé ọmọdé náà kò ní ìdí kankan láti retí ohun rere.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní apá Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Àfàlà. Ìgbà náà ni ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́, tí ogun ń gba ìlú kan dé èkejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, ogun dé Òṣoògùn. Bàbá sáré wọlé láti sọ fún ìdílé rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ bá àwọn tí ń jà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Ìròyìn dé lẹ́yìn náà pé ó kú sínú ogun mìíràn. A mú ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. A so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, a sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, a fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tí ó gba ẹṣin náà kò fẹ́ràn rẹ̀, ó dá a padà, a sì gba ọmọ padà bí ẹni gba ọjà tí kò tà. Láti ọwọ́ olówó kan ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ìgbà kan sì wà tí ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún oṣù díẹ̀ kí a tó tún yà wọ́n. Ẹ̀rù tí ó bà á jù ni pé kí a má tà á fún àwọn Potogí ní etí òkun, nítorí kò sí ẹni tí ó lọ síbẹ̀ tí ó padà bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì mú òun débi pé òun rò láti pa ara òun. A kò fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa, nítorí ẹni tí a ń pè ní akíkanjú kì í ṣe ẹni tí òkùnkùn kò bò rí.

Ohun tí ó bẹ̀rù náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n tà á dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon, tí ọ̀gágun Henry Leeke ń darí, lé ọkọ̀ náà bá, ó sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdásílẹ̀ ni; lójú wọn, olówó mìíràn tún dé ni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, a sì mú Àjàyí lọ sí abúlé Bathurst ní òkè Freetown.

Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ọmọ náà. Kò ní bàbá, kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, kò gbọ́ èdè ilẹ̀ náà. A fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi sílẹ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó tọ ará ilẹ̀ rẹ̀ kan lọ, ó tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ra páálí tí a kọ álífábẹ́ẹ̀tì sí, kí ó lè ní tirẹ̀ nílé. Kò tíì sí ẹni tí ó sọ fún un pé yóò di olùkọ́ tàbí àlùfáà. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni lẹ́tà, lẹ́tà ni ó sì dojú kọ. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Titun, tí a sì fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ pẹ̀lú owó kọ́bọ̀ méje àbọ̀ lóṣù. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Àwọn òbí tí ó gbà pé ọmọ tí ó mọ̀wé kò gbọdọ̀ mú ayùn lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ Àjàyí nù. Ó lọ sí ìlú London fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1826, nígbà tí ó sì padà ní ọdún 1827, òun ni a kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ó fẹ́ Asano, ẹni tí òun náà ti inú ọkọ̀ ẹrú bọ́, tí a wá ń pè ní Susan. Fún ọdún bíi mẹ́rìnlá lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní abúlé àti ní Fourah Bay. Ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá àwọn ọdún wọ̀nyí dúró pẹ́, àwa náà kò ní pẹ́ níbẹ̀, àfi kí a sọ pé nínú wọn ni ó ti kọ́ láti jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó sì ṣe iṣẹ́ kan náà tí ó ṣe lánàá.

Ọdún 1841 ni ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ lépa yọ sí i kedere. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba odò Ọya wọ inú ilẹ̀ lọ, a sì mú Crowther àti J. F. Schön, ará Jámánì tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì, dání. Ìrìn àjò náà burú. Nínú àwọn Òyìnbó 145 tí ó bá wọn lọ, ibà kọlu 130, bíi 40 nínú wọn sì kú. Àwọn tí ó wà ní London ka gbogbo rẹ̀ sí òfò. Ohun méjì ni Crowther àti Schön rí: ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni yóò mú ìhìn rere lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà, èdè àwọn ènìyàn náà ni wọn yóò sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1843, Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London. Ọdún náà gan-an ni a fi í joyè díákónì àti àlùfáà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní Freetown ní èdè Yorùbá. Akú ni àwọn ará Freetown ń pe àwọn ènìyàn wa nítorí pé kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ fojú inú wo àwọn Akú náà, tí wọ́n ti rò pé èdè òyìnbó nìkan ni Ọlọ́run ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n wá gbọ́ èdè ìyá wọn láti orí àga ìwàásù.

Láti ìgbà náà lọ, gbogbo Bíbélì ní èdè Yorùbá ni ó ń lé. Nígbà yẹn, Yorùbá kò ní ìwé kíkọ kan tí gbogbo ènìyàn fi ẹnu kò sí. Ẹ̀gbá ń sọ tirẹ̀, Ìjẹ̀bú ń sọ tirẹ̀, Ọ̀yọ́ sì ń sọ tirẹ̀. Ó ní láti mọ èyí tí yóò yé gbogbo wọn, bí a ó ṣe kọ ohùn tí ó ń lọ sókè sódò sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún ohun tí àwọn baba wa kò rí rí. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa òwe, bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀, ó sì ń kọ ọ́. Kò kọ̀ láti bá babaláwo àti mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Àdúrà, ìwàásù àti àlùfáà tí a ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní, láti ẹnu àwọn mùsùlùmí ni wọ́n ti wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn ni ó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Orúkọ Èṣù tí Bíbélì wa ń pe ọ̀tá Ọlọ́run, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, àwa náà sì rò pé wọ́n rí ìdí jiyàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, nítorí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ni ó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá. Wọn kò tíì kúrò ní etí òkun tí wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí. Wọ́n wà ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àbọ̀, wọn kò lè lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ padà sẹ́yìn. Crowther kò jókòó ka ọwọ́ lé ẹ̀rán. Ó ń wàásù fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́, ó sì ń túmọ̀ ìwé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kò tó oṣù kan tí wọ́n débẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, tí ìyá rẹ̀ fi wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin kan ni ó mú un wá. Ọdún 25 ni ó ti kọjá. Ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di bàbá ọmọ, ó sì wọ aṣọ àlùfáà. Ohun tí Crowther kọ sílẹ̀ nípa wákàtí náà ni pé àwọn kàn ń wo ara àwọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn. Àfàlà ti gbà pé ọmọ òun ti kú. Òun náà ti jìyà ogun àti ẹrú láti ọjọ́ Òṣoògùn wá. Ó dúró ti ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ní oṣù kejì ọdún 1848 a sì ṣe ìrìbọmi fún un pẹ̀lú orúkọ Hannah. Ìtumọ̀ tí ọmọ náà ń ṣe kì í ṣe fún àwọn aláìmọ̀ kan ní òkèèrè mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1850, Episteli sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Lúùkù, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, Jákọ́bù àti Pétérù. Ní ọdún 1851 bákan náà ni ó lọ sí Windsor, tí ó sì ka àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá sí etígbọ̀ọ́ Ọbabìnrin Victoria. Ẹ̀yin tí ẹ ń tijú láti bá ọmọ yín sọ Yorùbá nínú ilé, ààfin ni a ti sọ ọ́, ní nǹkan tí ó ju àádọ́jọ ọdún lọ sẹ́yìn.

Ó tún gba odò Ọya lọ ní ọdún 1854, pẹ̀lú dókítà William Baikie. Lọ́tẹ̀ yìí, nítorí oògùn kíníní, kò sí ẹnì kankan tí ó kú. Ní ọdún 1857 ni ó lọ fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìhìn rere lélẹ̀ ní Oníṣà, ó fi J. C. Taylor, ọmọ Ígbò tí a bí ní Sàró, sí ibẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ síwájú fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Núpé àti Ígbò, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí. Ní gbogbo àkókò yìí, iṣẹ́ Bíbélì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣe é nínú ọkọ̀, ó ń ṣe é ní ibùdó. Ní ọdún 1859 ni ọkọ ọmọ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún 11 jóná pátá. Ìtumọ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé Mósè tí ó kù, tí ó ti ń gbáradì láti fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, jóná pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀rọ tí ó fi ẹ̀dà pamọ́ nígbà náà. Ohun tí ó bá jó ti jó. Ọkùnrin náà ti ju ẹni 50 ọdún lọ. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ibí yìí ni a rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ tí ó kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀kan, àti àwọn òbí tí ó ń fi ìkùnà náà bú wọn, jókòó sí jù. Ó banú jẹ́, ó sì kọ̀wé sí London láti sọ àdánù náà. Lẹ́yìn náà ó mú kálàmù, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti mú un.

Kò dá a ṣe, kò sì díbọ́n pé òun ń dá a ṣe. Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró dé, ṣe púpọ̀ nínú ìtumọ̀ Májẹ̀mú Titun. Gollmer, Hinderer àti àwọn mìíràn fi ọwọ́ sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, wọ́n pé jọ sí Èkó pẹ̀lú Crowther ní ipò alága láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1884 ni gbogbo Bíbélì parí. Láti ìwé ọ̀rọ̀ ti ọdún 1843 dé ibẹ̀ jẹ́ ọdún 41. Susan, ìyàwó rẹ̀, ti kú ní ọdún 1880. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1883, ní ogbó tí ó sún mọ́ 100 ọdún.

A ti fo oyè bíṣọ́ọ̀bù kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò wá a. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú Kàtídírà Canterbury, a fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Henry Leeke tí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀gá ńlá nínú ológun ojú omi. Ìyáàfin Weeks, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ ní Sàró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ rẹ̀. Townsend tí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe olórí àwọn míṣọ́nnárì Òyìnbó, nítorí náà odò Ọya àti ilẹ̀ tí ìjọba Ọbabìnrin kò dé ni a fún un. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é fún ọdún 27.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá sí odò Ọya jókòó ní Oníṣà, wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ojú rẹ̀. Dandeson, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ Áṣídíákónì, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ìwà wọn kò mọ́, ilẹ̀ náà sì gbòòrò ju ohun tí arúgbó kan lè bójú tó lọ. Ìyẹn kò tó láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó ti ju 80 ọdún lọ. Crowther kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Kò kúrò nínú iṣẹ́. Ó ń bá àwọn ìjọ etí òkun Ọya ṣètò bí wọn yóò ṣe máa ná owó ara wọn fún iṣẹ́ ara wọn, èyí tí ọmọ rẹ̀ darí lẹ́yìn náà.

Ètò yìí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. A sin ín sí ibojì Ajélẹ̀, a sì gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ti Kristi ní Marina lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ó ju 50 ọdún lọ kí a tó tún fi ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe olórí àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún tí a fi í joyè, a ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀ nínú Kàtídírà Canterbury kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby dúró níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ náà ṣẹ̀ ẹ́, ó sì tọrọ àforíjì.